Wọ́n Sọmọ Lórúkọ Kí Wọ́n Tó Kọ́lé: Èdè Xi'an àti Ètò Iṣẹ́ Géèmù Star Citizen

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè àtọwọ́dá nínú kíláàsì, àpẹẹrẹ mẹ́ta ni a sábà máa ń mú wá: Esperanto tí Zamenhof gbé jáde ní 1887, Klingon tí Marc Okrand ṣe fún sinimá Star Trek tó jáde ní 1984, àti Na'vi tí Paul Frommer ṣe fún sinimá Avatar ní 2009. Mo fẹ́ fi ìkẹrin kún un. Kì í ṣe pé ó dára ju àwọn yòókù lọ. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló ṣàjèjì. Èdè náà ni Xi'an. Ẹni tó ṣe é ni Britton Watkins, onímọ̀ èdè àtọwọ́dá ará Amẹ́ríkà. Ibi tí wọ́n ṣe é fún ni Star Citizen, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ìdáwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tí kò sì tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ iṣẹ́ yìí ní 2025.

Nínú ìtàn géèmù náà, ènìyàn nìkan kọ́ ló ń gbé láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn Xi'an wà níbẹ̀. Àwọn Banu náà wà, tí òwò jẹ́ iṣẹ́ wọn, àti àwọn Vanduul tí wọ́n ń bá ènìyàn jagun. Watkins ṣiṣẹ́ lórí èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ti Xi'an ló kúnná jù. Ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, Cloud Imperium Games, ti gbé ẹ̀kọ́ lórí ìpè, gírámà, ọ̀nà ìkọ̀wé àti àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Mo kà á, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní San'tok.yāi: àmì kan wà lẹ́yìn n, àmì ìdánudúró wà láàárín ọ̀rọ̀, ìlà sì wà lórí a. Àwa tí a ń kọ ɔ àti ɛ ní ìhà ibí, tí àwọn ìbátan wa lódìkejì ẹnubodè ń kọ ọ àti ẹ fún ìró kan náà, mọ̀ pé irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó yàn án ní láti ti jókòó rò ó.

Síbẹ̀ títí di ìparí ọdún 2024, ẹni tó bá wọ inú géèmù náà, kó rìn ín já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní í rí Xi'an kan ṣoṣo tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Gírámà wà, àkójọ ọ̀rọ̀ wà, olùsọ̀rọ̀ ni kò sí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níbí, wọ́n ti fún ọmọ lórúkọ, wọ́n ti kọ oríkì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti to ìbátan rẹ̀ dé ìran kẹta, nígbà tí ìpìlẹ̀ ilé ṣì wà nínú omi. Kì í ṣe Watkins ni mò ń bá wí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ṣe. Ẹni tó to iṣẹ́ náà, tó pinnu ohun tí yóò ṣáájú àti ohun tí yóò kẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Ẹ kú ọjà, níbi tí kò sí ọjà

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí kò mọ̀ pé ìkíni Yorùbá dúró lórí ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu ọmọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni méjèèjì ló ń yan ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ẹ kú. Bí kò bá sí ọjà, kò sí ẹ kú ọjà. Ẹnì kan lè jókòó sínú yàrá kó máa to irú ìkíni bẹ́ẹ̀ jọ fún ìlú tí kò tíì sí, àkójọ náà sì lè lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tí àwọn ará ìlú yóò máa lò lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n máa gé kúrú, èyí tí àwọn ọmọdé máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, àti èyí tí yóò kú. Ìlò ló ń sọ ìyẹn fúnni.

Klingon rí irú ìlò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ kéré. Òṣèré ní láti sọ gbólóhùn kan níwájú kámẹ́rà. Nígbà mìíràn òṣèré á pè é ṣì, Okrand á sì tún èdè náà ṣe kó lè bá ohun tó ti jáde lẹ́nu òṣèré mu. Sinimá ló bí gírámà, àṣìṣe òṣèré sì di òfin. Na'vi náà kò yàtọ̀: àwọn òṣèré wà tí wọ́n ní láti kọ́ ọ kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Dothraki tí David J. Peterson ṣe fún Game of Thrones ní ẹnu tó ń dúró dè é láti ọjọ́ kìíní. Esperanto ní tirẹ̀ kò ní sinimá kankan, ṣùgbọ́n ó ní àwọn ènìyàn tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ara wọn, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé, tí àwọn kan nínú wọn sì ti fi í tọ́ ọmọ dàgbà.

Xi'an kò ní èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí nínú ayé tí wọ́n ṣe é fún. Òótọ́ ni pé àwọn olólùfẹ́ géèmù náà kan ń kọ́ ọ, tí wọ́n ń fi í kọ̀wé sí ara wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é lóde géèmù, lórí ìwé. Nínú géèmù fúnra rẹ̀, ibi tí mo ti rí Xi'an jù ni ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀: Khartu-al, San'tok.yāi, Syulen, Railen. Èdè tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìró àti gírámà ṣe di orúkọ lórí ọjà títà. Bóyá ohun tí wọ́n nílò rẹ̀ fún gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àkójọ orúkọ ogún ìbá ti tó.

Ohun tí wọ́n ṣe ìlérí rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kì í gbá géèmù, mo ní láti sọ díẹ̀ nípa ìtàn rẹ̀. Chris Roberts, tó ṣe Wing Commander ní 1990, ló bẹ̀rẹ̀ ìdáwó fún Star Citizen ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá, owó náà ti kọjá mílíọ̀nù 6 dọ́là. Ọdún 2014 ni wọ́n sọ pé géèmù náà yóò jáde. Lára ìlérí ìgbà náà ni pé 100 agboolé oòrùn ni yóò wà nínú rẹ̀. (Mo ń lo agboolé oòrùn fún oòrùn kan àti gbogbo ayé tó ń yí i ká. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n gbọ́.) Títí di oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, Stanton, tó ní ayé mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ìkejì, Pyro, dé. Owó ìdáwó ti kọjá mílíọ̀nù 800 dọ́là ní 2025.

Ìdáwó bẹ́ẹ̀ kò jọ èésú tí àwọn ìyá wa ń dá. Nínú èésú, gbogbo ènìyàn mọ ọjọ́ tí owó yóò kàn án, alákòóso tó bá jẹ́ kí ọjọ́ yẹ̀ yóò sì rí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Níbí, bí ọjọ́ ṣe ń yẹ̀ ni owó ń pọ̀ sí i. Mo rò pé gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìlérí tuntun ló ń mú owó wọlé. Iṣẹ́ tó parí kì í mú un wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń ti ibi ìlérí wá yóò máa fi ọwọ́ tó dára jù ṣe ohun tó ṣeé fi hàn.

Ní 2017, wọ́n fi ètò kan han ayé tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà yóò máa fi wo ojú ẹni tó ń gbá géèmù, kí ojú àwòrán rẹ̀ nínú géèmù lè máa fà, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa ṣẹ́jú bíi tirẹ̀. Ó wọ inú géèmù ní 2018. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí ojú nínú ìtàkùrọ̀sọ kò lè ṣàì fẹ́ràn rẹ̀; èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ta ni ènìyàn fẹ́ fi wo ta ni? Nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde ní ìparí 2017, ènìyàn 50 péré ni sáfà kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àádọ́ta ènìyàn nínú ayé tí wọ́n polówó bí odindi òfurufú! Ìpàdé ìdílé kan ní Kétu máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sáfà para pọ̀ di ayé kan, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn yóò lè pàdé, kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn àfi ní ìparí 2024 pẹ̀lú ẹ̀dà 4.0. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ìdáwó àkọ́kọ́. Láàárín àkókò náà, wọ́n ti ròyìn fún àwọn olùdáwó nípa bí aṣọ orí ibùsùn yóò ṣe máa ká tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ibùsùn yìí ti di ẹ̀fẹ̀ láàárín àwọn agbágéèmù, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn àwòrán ènìyàn tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn agbágéèmù fi ń rí wọn tí wọ́n dúró lórí àga bí ẹni tó fẹ́ yí gílóòbù iná padà. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé sáfà ti wúwo jù, kò ráyè sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Ẹ̀dá tí kò rí àyè jókòó kò lè rí àyè sọ Xi'an. Ibi tí ọ̀rọ̀ èdè àti ọ̀rọ̀ sáfà ti pàdé gan-an nìyí, òun ló sì jẹ́ kí n rò pé ọ̀rọ̀ náà yẹ fún ìwé wa: àwùjọ elédè nílò ibi tí ará méjì yóò ti lè dúró, kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, kí èkejì gbọ́, kí ohun tí wọ́n sọ sì wà níbẹ̀ lọ́la. Nínú géèmù, sáfà ni ibẹ̀.

Èsì àwọn olùgbèjà

Àwọn tó ń gbèjà Star Citizen máa ń sọ pé ẹni tó ń ya aṣọ ibùsùn kò lè kọ kóòdù sáfà, onímọ̀ èdè kò sì lè tún ìṣirò ṣe, nítorí náà kí kálukú máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Bírísopé kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ta ló pe káfíńtà wá kí ògiri tó dìde? Ìpinnu nípa ẹni tí a gbà síṣẹ́, ní ọdún wo, fún kí ni, ni à ń pè ní ètò iṣẹ́. Owó oṣù onímọ̀ èdè kan kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 800. Mi ò sọ pé Xi'an ló jẹ owó sáfà. Ohun tí mò ń sọ ni pé Xi'an jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere nípa bí wọ́n ṣe ń ronú: kúlẹ̀kúlẹ̀ ṣáájú, férémù kẹ́yìn.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Èyí ṣeé yẹ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 kan náà, Frontier Developments ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ ìdáwó tiwọn fún géèmù òfurufú tó jọ ọ́, Elite Dangerous. Wọ́n rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 pọ́n-ùn. Géèmù náà jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2014. Ènìyàn kò lè jáde kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà náà, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ sórí ayé kankan. Ó kàn lè wa ọkọ̀, kó ṣòwò, kó jà. Ìsọ̀kalẹ̀ sórí ayé dé ní 2015, ìrìn lórí ilẹ̀ sì dé ní 2021. Mi ò sọ pé Elite kò ní àbùkù. Nígbà tí ìrìn lórí ilẹ̀ dé, àwọn agbágéèmù fi ìbínú gbà á nítorí àṣìṣe tó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kan ti wà kí wọ́n tó fi yàrá kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èdè fún ibẹ̀ yóò mọ ibi tí wọ́n máa sọ ọ́.

Ohun tí kò ní èsì rárá lójú mi ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń tà kí wọ́n tó ṣe é. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá tà bẹ́ẹ̀ di gbèsè, gbèsè náà sì ń bí òmíràn, nítorí ọkọ̀ ìwòsàn nílò àìsàn, ọkọ̀ ìwádìí nílò ohun tí a ó wádìí. Ọkọ̀ àwọn Banu kan wà, Banu Merchantman, tí wọ́n ti ń tà fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹni tó rà á kò tíì lè wọ inú rẹ̀. Ní 2018, wọ́n kó ọkọ̀ jọ sí àkójọ kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 27,000 dọ́là. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ sí sèéfà, ẹ ó rí ilé kan níbẹ̀, ilé tí ènìyàn lè gbé.

Èdè àwọn tó ń gbá a

Ìhà kejì ọ̀rọ̀ èdè nínú géèmù yìí kò gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n ń bá Xi'an lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni géèmù náà fi ń bá àwọn alábàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń sọ Faransé, tí wọ́n ti dáwó bí àwọn yòókù, ló fúnra wọn mú fáìlì ọ̀rọ̀ géèmù náà, tí wọ́n tú u ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń tún un tú nígbàkígbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti túmọ̀ ìwé ìlera tàbí ìwé ìdìbò láti Faransé sí Yorùbá mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rẹni. Èdè tí ẹni kankan kò bí ní gírámà tí ilé-iṣẹ́ sanwó fún. Èdè tí mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ gbára lé àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀dà 4.1 mú àjèjì ẹ̀dá kan wá tí ènìyàn lè bá ṣòwò níkẹyìn. Orúkọ rẹ̀ ni Wikelo, Banu ni. Mo lọ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí mo rò pé ibí ni iṣẹ́ Watkins yóò ti dé ibi tí ó ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni Wikelo ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n já sí wẹ́wẹ́ ni pẹ̀lú, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò yí padà, tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ níbi tó yẹ kó sọ pé èmi. Gbogbo wa mọ irú èdè yìí. Àwọn òǹkọ̀wé Faransé ìgbà ìjọba amúnisìn ló fi í sẹ́nu àwọn bàbá wa nínú ìwé ìtàn àti nínú ìpolówó ọjà, ó ní orúkọ, petit-nègre, a sì ń kọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún kẹta. Mi ò rò pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ Wikelo ní èrò burúkú lọ́kàn. Ó fẹ́ kó pani lẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ti ní èdè Banu nílé, tó ti gba onímọ̀ láti ṣe é, nígbà tó kan kí Banu kan la ẹnu, ohun tó wà nítòsí ni wọ́n mú. Kí wọ́n ti fi gbólóhùn Banu mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ì bá ti tó láti sọ Wikelo di àlejò tó ní ìlú.

Géèmù ẹlẹ́nìkan tó yẹ kó ṣáájú, Squadron 42, ní láti jáde ní 2016 gẹ́gẹ́ bí ìpolówó wọn. Mark Hamill àti Gary Oldman wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọ́n sọ pé 2026 ni yóò jáde. Níbẹ̀ ni ogun àwọn Vanduul wà, ibẹ̀ sì ni èdè wọn yẹ kó ti dún, nítorí ìtàn tí a ti kọ sílẹ̀ ni, kò nílò sáfà. Bí ó bá jáde, mo ti pinnu ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe: mo máa ka gbólóhùn tí Vanduul sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo máa wo iye tó jẹ́ igbe ogun lásán àti iye tó ní gírámà, mo sì máa fi wọ́n wé àkójọ ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà bá gbé síta. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀gá tó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè bá mi pín in ṣe.